Àga eyín ti ń gbó sínú náílọ́nù ní hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà wa, ta la máa bá sọ ọ́ ní kánsù?

Ìyá Mọ́ríà (ọjọ́ Àìkú, 9:14 alẹ́)

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará Òṣogbo. Ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀, ẹ má bínú. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ, eyín ti ń dùn ún láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo ra Ampiclox fún un ní kẹ́mísì, ó lọ, ó tún padà. Nígbà tó di Fúráìdè mo gbé e lọ sí hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà àdúgbò wa, mi ò ní dárúkọ ibẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ ní àwọn kì í ṣe eyín. Mo ní mà, kí wá ni àga tó wà nínú yàrá tó wà lápá ọ̀tún yẹn, torí mo rí i láti ojú fèrèsé, àga eyín gidi, tó ní iná lórí, náílọ́nù tí wọ́n fi wé e gbé e dé ṣì wà lára ẹ̀, eruku ti bò ó. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní bóun ṣe bá a nìyẹn, ó ti ń lọ sí ọdún mẹ́rin.

Bí mo ṣe jáde, ìyá tó ń ta ọsàn lẹ́nu géètì ní kí n gbé ọmọ lọ bá bàbá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà tó ń yọ eyín, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà péré. Ẹ̀rù bà mí. Irú ibẹ̀ ni ìyá ọkọ mi lọ lọ́dún tó kọjá, ọjọ́ méjì ni ẹ̀jẹ̀ fi ń dà.

Ṣé kánsù kọ́ ló ni hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà ni? Ta lèèyàn á lọ bá, tí wọn ò ní sọ pé kó lọ kó bọ̀ lọ́la?

ÌlúAró (9:31 alẹ́)

Kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù yín ni o. Ẹ lọ bá a nílé láàárọ̀ kùtù kó tó jáde. Ẹni tó bá wá tọrọ ìbò lọ́dọ̀ yín mọ ọ̀nà ilé yín, ẹ̀yin náà ẹ mọ tiẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́ (9:40 alẹ́)

Ẹ jẹ́ ká fi kánsù sílẹ̀ ná. Ìyá Mọ́ríà, ṣé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ wú? Ṣé ara ẹ̀ gbóná? Ṣé ó ń la ẹnu dáadáa, ṣé ó ń gbé itọ́ mì?

Ìyá Mọ́ríà (9:44 alẹ́)

Ó ti wú láti ọ̀sán yìí mà. Ara gbóná díẹ̀. Ẹnu, kò fẹ́ là á, mo rò pé ìrora ni.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́ (9:52 alẹ́)

Ẹ má dúró di àárọ̀. Ẹ gbé e lọ sí UNIOSUN Teaching Hospital nísinsìnyí, ẹ wọ ẹ̀ka pàjáwìrì, ẹ sọ fún wọn pé eyín ni, ó wú, kò la ẹnu. Tí ìdọ̀tí inú eyín bá ti dé ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó lè sọ̀kalẹ̀ sí abẹ́ àgbọ̀n, kó dé ọrùn, ibẹ̀ ló ti ń dí èèmí. Mo ti rí i rí, mi ò sọ ọ́ láti dẹ́rù bà yín. Ẹ má fi rọ́bù gbígbóná pa á, ẹ má fi aspirin lé erìgì ẹ̀, ṣe ló máa bó ibẹ̀, aspirin gan-an kì í ṣe oògùn ọmọdé. Omi ìlọ́wọ́wọ́ oníyọ̀ díẹ̀ ni kó fi yọ ẹnu tó bá lè ṣe é. Ampiclox yẹn, ẹ mú páálí ẹ̀ lọ́wọ́ lọ kí dókítà rí ohun tó ti lò.

Àwọn tó kù, ẹ máa sọ tiyín lọ. Ìyá Mọ́ríà ẹ jáde.

Dáwódù Òkè-Fíà (10:20 alẹ́)

Kí Ọlọ́run bá wa wo ọmọ yẹn sàn. Ṣùgbọ́n kánsù wo lẹ ń sọ? Ẹ̀yin ò rí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2025 ni, tí owó kánsù Ọ̀ṣun há sí Àbújá, tí òṣìṣẹ́ kánsù ń jókòó sílé, tí ẹgbẹ́ méjì ń bára wọn jà lórí ta ni alága? Kọ́ọ̀tù gíga jù lọ ti dájọ́ ní July 2024 pé owó kánsù kó máa lọ tààrà sọ́wọ́ kánsù, èwo ló yí padà ní àdúgbò yín? Àga eyín ò lè ṣiṣẹ́ níbi tí géètì gan-an wà ní títì. Ẹ máa tọ́jú owó fún àdáni, ọ̀rọ̀ tán.

ÌlúAró (10:26 alẹ́)

Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe máa ń sọ. Tí ọ̀rọ̀ bá ti tán lójú yín kí lẹ wá ń wá kiri níbí?

Wolé-wolé Fẹ̀yìntì (ọjọ́ Ajé, 6:05 àárọ̀)

Ẹ kú àárọ̀ ẹ̀yin ọmọ mi. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi ṣe wolé-wolé kí n tó fẹ̀yìn tì, mo bẹ̀rẹ̀ nígbà tá a ṣì wà lábẹ́ Ọ̀yọ́, kí wọ́n tó gé Ọ̀ṣun sọ́tọ̀ ní 1991. Ẹ jẹ́ n la ọ̀rọ̀ yìí díẹ̀ torí mo rí i pé àwọn ọ̀dọ́ ò mọ ohun tí kánsù wà fún mọ́.

Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 ní àfikún lẹ́yìn, ìkẹrin nínú wọn ló kọ iṣẹ́ kánsù sílẹ̀. Ọ̀nà méjì ló pín in sí. Àwọn kan jẹ́ ti kánsù gangan: ọjà, ibi ìpẹran, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogboogbò, itẹ́ òkú, kíkó pàǹtí. Àwọn kan, kánsù àti ìpínlẹ̀ ló jọ ń ṣe é, ibẹ̀ ni ètò ìlera wà, wọ́n ní kánsù á "kópa" níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kópa yẹn ló kó bá wa. Ẹni tí wọ́n bá ní kó kópa, tí iṣẹ́ ò bá ti lọ, á ní ẹnìkejì òun ni kẹ́ ẹ lọ bá.

Ayé Ransome-Kuti tó jẹ́ mínísítà ìlera, láti 1985, ló gbé ilé ìwòsàn alábọ́dé lé kánsù lọ́wọ́ dáadáa. Ìgbà yẹn, tí ọ̀rọ̀ bá ti jẹ́ ìlera, ẹnìkan ṣoṣo lèèyàn ń lọ bá ní kánsù, dókítà tó jẹ́ ọ̀gá ìlera. Ẹ bá a lórí tábìlì ẹ̀, ó gbé fáìlì, ó dáhùn. Ìtọ́jú ẹnu àti eyín wà nínú ohun tí Nàìjíríà fi kún iṣẹ́ alábọ́dé, àwọn kan kàn gbàgbé ni. A máa ń lọ sí ilé ìwé pírámárì, àwa àti nọ́ọ̀sì, a ní káwọn ọmọ la ẹnu, a wo eyín, a wo orí fún làpálàpá, a wo èékánná. Ta ló ń ṣe é mọ́?

Bàbá ayọyín tẹ́ ẹ sọ yẹn, tó bá jẹ́ ìgbà tèmi, tó bá rí káàkí wa lókèèrè á ti kó àpótí. Wolé-wolé kánsù lẹ máa fi tó létí.

Akọ̀wé Jẹ́jẹ́ (8:17 àárọ̀)

Ẹ kú àárọ̀ bàbá wa. Ẹ má bínú sà, mo fẹ́ fi kún un, mo sì fẹ́ tún ibì kan ṣe.

Nǹkan ti yí padà láti bíi 2011 tí ìjọba àpapọ̀ ti mú ètò tí wọ́n ń pè ní "lábẹ́ òrùlé kan" wá. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé gbogbo ilé ìwòsàn alábọ́dé wà lábẹ́ bọ́ọ̀dù kan ní ìpínlẹ̀, tiwa náà wà ní Ọ̀ṣun, Primary Health Care Development Board. Nítorí náà ọ̀rọ̀ ta ni wọ́n gbé wá síbí, ta ni wọ́n gbé lọ, ọ̀dọ̀ bọ́ọ̀dù ló wà. Kánsẹ́lọ̀ tí ÌlúAró ní kẹ́ ẹ lọ bá yẹn ò lè gbé dókítà eyín kan ṣoṣo wá. Ohun tó lè ṣe ni kó gbé ọ̀rọ̀ náà dé ìjókòó kánsù, kí wọ́n pe ẹni tó ń bójú tó ìlera ní kánsù yẹn wá dáhùn. Àwọn èèyàn á pe kánsẹ́lọ̀ síbi ìsọmọlórúkọ, wọn ò ní pè é sórí ọ̀rọ̀ báyìí.

Lórí bàbá ayọyín: wolé-wolé ò lè ti ilé ìwòsàn, ayédèrú ni o tàbí ojúlówó. Mínísítírì ìlera ìpínlẹ̀ ló ń forúkọ ilé ìwòsàn àdáni sílẹ̀. Dókítà eyín fúnra ẹ̀, MDCN, ìgbìmọ̀ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó àwọn dókítà, ló ń fún un níwèé àṣẹ, ọdọọdún ló sì ń gbà á. Ẹ ní kó mú tọdún yìí jáde. Tó bá ń sọ ìtàn pé bàbá òun ló kọ́ òun níṣẹ́, ẹ dìde.

Wolé-wolé Fẹ̀yìntì (8:49 àárọ̀)

Mi ò sọ pé wolé-wolé á tì í. Mo ní á kó àpótí. Òwú tó lẹ́jẹ̀ tó ń dà sí gọ́tà, abẹ́rẹ́ tó ń jù sórí ààtàn níbi táwọn ọmọ ń ṣeré, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ MDCN, tèmi ni. Màá já ìwé ìkìlọ̀ fún un, tí kò bá tún un ṣe, ó di iwájú májísíréètì. Ọ̀nà tó wọ ọjà pọ̀, Akọ̀wé. Ṣùgbọ́n ti bọ́ọ̀dù tẹ́ ẹ sọ yẹn, òótọ́ ni, ó ti dé lẹ́yìn mi.

Ọmọ Òròkí (9:30 àárọ̀)

Ẹ̀yin èèyàn, ẹnikẹ́ni ò tíì béèrè ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ béèrè. Kánsù wo? Ìlú Òṣogbo kan ṣoṣo la rò pé à ń gbé, kánsù tó wà nínú ẹ̀ ju ọ̀kan lọ. Òṣogbo ní sẹkitéríàtì tiẹ̀ ní Òkè-Baálẹ̀, Ọlọ́rundá wà ní Ìgbóná, tẹ́ ẹ bá tún rìn díẹ̀ kọjá sí ọ̀nà Òfàtẹ̀dó ẹ ti bọ́ sí Ẹgbẹ́dọrẹ. Mo mọ ẹnìkan tó fi oṣù mẹ́ta gbé lẹ́tà lọ sí Òkè-Baálẹ̀ lórí gọ́tà tó jẹ́ ti Ọlọ́rundá, wọ́n kàn ń gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ ni.

Bàbá Káfíńtà (12:10 ọ̀sán)

Ẹ kú iṣẹ́ o. Káfíńtà ni mí, mo sì wà nínú kọmítì ìdàgbàsókè wọ́ọ̀dù wa, WDC, ó di ọdún kẹta. Èmi ò mọ òfin bíi ti bàbá wa, ohun tójú mi ń rí ni màá sọ.

Ilé ìwòsàn alábọ́dé kan ni ìjọba mú ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, wọ́ọ̀dù 332 ló sì wà ní Ọ̀ṣun. Owó kan wà tó ń bọ̀ láti Àbújá, òfin ìlera ti 2014 ló dá a sílẹ̀, ó ní ó kéré tán kí wọ́n yọ náírà kan nínú ọgọ́rùn-ún owó ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún ìlera àwọn mẹ̀kúnnù. Nínú ẹ̀ ni apá kan ti ń wọ báńkì ilé ìwòsàn náà tààrà ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, kò gba ọwọ́ alága kánsù. Bíi ọ̀ọ́dúnrún ẹgbẹ̀rún náírà ni. Wọn kì í ná an láìjókòó: nọ́ọ̀sì tó jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀ àti àwa kọmítì á kọ ohun tá a fẹ́ ṣe sílẹ̀ kí oṣù mẹ́ta tó bẹ̀rẹ̀, oògùn, bẹ́ẹ̀dì, omi, títún òrùlé ṣe.

Ẹ wò ó, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń béèrè ta ló ń bójú tó o, kọmítì yìí ni. Ìpàdé wa kì í ṣe ti awo. Ṣùgbọ́n tí mo bá ka orí, ẹni mẹ́jọ, nígbà míì márùn-ún, tí ọ̀kan ti ń sùn. Ìyá kan ṣoṣo ò wá rí láti sọ pé eyín ọmọ òun ń dùn ún, báwo la ṣe máa kọ eyín sínú ìwé? Lọ́dún tó kọjá ilẹ̀kùn la kọ síbẹ̀, torí ilẹ̀kùn yàrá ìgbẹ̀bí ò tì. Èmi náà kọ́ ni mo kàn án o, kẹ́ ẹ má rò pé mo gba iṣẹ́ fúnra mi.

Akọ̀wé Jẹ́jẹ́ (12:41 ọ̀sán)

Ẹ ṣeun bàbá. Kékeré kan: ọ̀ọ́dúnrún yẹn ti àtijọ́ ni, wọ́n ti fi kún un, ó ti di ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta sí ẹgbẹ̀rin, bí èrò tó ń wá síbẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó. Ẹ béèrè èyí tó ń wọ tiyín.

Bàbá Káfíńtà (12:58 ọ̀sán)

Ẹgbẹ̀ta kẹ̀! Màá béèrè.

Dáwódù Òkè-Fíà (1:03 ọ̀sán)

😂😂 Kọmítì ò mọ iye tó ń wọlé. Ẹ ò gbà pé òótọ́ ni mo sọ.

Bàbá Káfíńtà (1:10 ọ̀sán)

Dáwódù, èmi ń lọ sí ìpàdé. Ìwọ ńkọ́?

Ìyá Mọ́ríà (ọjọ́rú, 7:22 alẹ́)

Ẹ ṣeun ẹ̀yin ará. Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́, Ọlọ́run á dá yín lóhùn. Wọ́n dá wa dúró ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú yẹn, wọ́n fún un lábẹ́rẹ́, wọ́n la ibẹ̀, ìdọ̀tí tó jáde, mi ò lè ṣàpèjúwe ẹ̀. A ti délé lónìí. Dókítà eyín ní eyín yẹn kì í ṣe eyín ọmọdé rárá. Mo bá a jiyàn torí eyín iwájú ẹ̀ ṣì ń bọ́. Ó ní eyín ńlá kan wà tó máa ń hù lẹ́yìn pátápátá ní bí ọdún mẹ́fà, kò sí eyín tó bọ́ kó tó jáde, ìdí tí ọ̀pọ̀ ìyá fi rò pé eyín ọmọdé ni nìyẹn, tí wọ́n á ní tó bá jẹrà kò burú, òmíràn á hù. Òmíràn ò ní hù o. Inú mi bàjẹ́ torí ohun tí mo sọ gẹ́lẹ́ nìyẹn nígbà tí mo kọ́kọ́ rí ihò dúdú lára ẹ̀ ní bí oṣù mélòó kan sẹ́yìn.

Ọmọ Òròkí, mo wo ìwé owó ilé tí wọ́n máa ń mú wá fún lándílọ́ọ̀dù wa. Ọlọ́rundá ló wà lórí ẹ̀! Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń pe ara mi ní Òṣogbo LG.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́ (8:01 alẹ́)

A dúpẹ́. Ẹ ra búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀, ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride, kó fi díẹ̀ bíi hóró ẹ̀wà kan sí i, àárọ̀ àti kó tó sùn, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ fọ ẹ̀yìn yẹn fún un, ọwọ́ ẹ̀ ò tíì débẹ̀. Pákò dáa fún àgbà tó mọ̀ ọ́n lò. Bisikíìtì àti mínírà lálẹ́, ẹ dá a dúró. Tí ẹnikẹ́ni bá sì ní òun fẹ́ fi ewé fa kòkòrò jáde nínú eyín, kò sí kòkòrò níbẹ̀, òun fúnra ẹ̀ ló mú un wá.

Akọ̀wé Jẹ́jẹ́ (8:30 alẹ́)

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ẹ, òfin wà láti 2011 tó ní kí ilé iṣẹ́ ìjọba dáhùn láàárín ọjọ́ méje tẹ́ni kan bá kọ̀wé béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wọn. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ní kò kàn wọ́n, kọ́ọ̀tù gíga jù lọ ti ní ó kàn wọ́n, ní 2025. Ẹ kọ ọ́ sí bọ́ọ̀dù, ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí kánsù: ta ló ra àga yẹn, ọdún wo, ta ni wọ́n ní kó máa lò ó. Ìbéèrè mẹ́ta péré.

Wolé-wolé Fẹ̀yìntì (8:55 alẹ́)

Akọ̀wé, ẹ rọra. Lẹ́tà tó bá kọ́kọ́ dé ṣáájú ẹsẹ̀, ìjà ni wọ́n á kà á sí, nọ́ọ̀sì kékeré tó sọ òótọ́ fún Ìyá Mọ́ríà ni wọ́n á fìyà jẹ. Kó kọ́kọ́ lọ síbi ìpàdé.

Akọ̀wé Jẹ́jẹ́ (9:02 alẹ́)

Ẹsẹ̀ tí kò ní ìwé lọ́wọ́ ni wọ́n fi ń sọ pé "kò sẹ́ni tó wá" sà. Ṣùgbọ́n ti nọ́ọ̀sì yẹn, mo gbà. Kó má dárúkọ ẹ̀.

Ìyá Mọ́ríà (ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4:40 ìrọ̀lẹ́)

Mo lọ sí ìpàdé wọ́ọ̀dù wa. A jẹ́ mọ́kànlá. Bàbá Káfíńtà sọ òótọ́, ẹnìkan sùn.

Olóṣèlú kan ló fi àga yẹn ta àdúgbò lọ́rẹ, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n lọ. Kò sí kọ́ńpúrẹ́sọ̀ tó ń fún un ní afẹ́fẹ́, omi ò wọ yàrá náà. Ẹnìkan wá ṣiṣẹ́ eyín níbẹ̀ rí, kí wọ́n tó gbé àga náà dé, therapist ni wọ́n pè é, òṣìṣẹ́ eyín tí kì í ṣe dókítà, wọ́n sì ti gbé e lọ síbòmíràn. Alága kọmítì ní iye kọ́ńpúrẹ́sọ̀ náà ju owó oṣù mẹ́ta àwọn lọ, nítorí náà kò sí ohun tí àwọn lè ṣe. Kánsẹ́lọ̀ wá o! Ó ní òun ò mọ̀ pé yàrá yẹn wà.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́ (5:15 ìrọ̀lẹ́)

Ìyẹn kì í ṣe ìdí. Kọ́ńpúrẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tó ń lu eyín kí wọ́n tó dí i ló nílò ẹ̀. Láti wo ẹnu ọmọ, láti fọ eyín lọ́wọ́, láti mọ èyí tó yẹ kó tètè lọ bá dókítà, kò gba kọ́ńpúrẹ́sọ̀. Ó gba èèyàn kan, iná, ìbọ̀wọ́, irin díẹ̀ àti ẹ̀rọ tó ń se irin, wọ́n sì ní ẹ̀rọ yẹn tẹ́lẹ̀ torí wọ́n ń gbẹ̀bí. Therapist lẹ nílò, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ gan-an ti tó láti bẹ̀rẹ̀. Èyí tó bá ju agbára ẹ̀ lọ á kọ lẹ́tà fún un lọ bá dókítà eyín. Ìyá Mọ́ríà, ká ní ẹnìkan wo ẹnu ọmọ yín nígbà tí ihò yẹn ṣì kéré ni, ẹ ò bá má sùn ní ọsibítù.

Akọ̀wé Jẹ́jẹ́ (5:33 ìrọ̀lẹ́)

Nígbà náà ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀dù ni, kì í ṣe ti owó. Kí kọmítì kọ lẹ́tà, kí kánsẹ́lọ̀ náà fọwọ́ sí i torí ó ti rí yàrá náà báyìí, kò lè sọ pé òun ò mọ̀ mọ́.

Ìyá Mọ́ríà (ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, 6:12 ìrọ̀lẹ́)

Wọ́n ti kọ ọ́. Kánsẹ́lọ̀ fọwọ́ sí i. Èmi àti ìyá ọlọ́sàn la gbé e lọ, a gba òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tiwa, ó wà lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní ẹnìkan máa wá wo yàrá náà ní ọjọ́rú. Tí kò bá wá, màá kọ ọ́ síbí.

Bàbá Káfíńtà (6:50 ìrọ̀lẹ́)

Aago mélòó ni wọ́n sọ?

Ìyá Mọ́ríà (6:52 ìrọ̀lẹ́)

Mẹ́wàá.

Bàbá Káfíńtà (6:55 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ ti débẹ̀ ní mẹ́sàn-án. Ẹ mú àkísà lọ́wọ́, kẹ́ ẹ nu eruku yẹn kúrò.